Síkírù àti Púùlù Bàbá Ìsàlẹ̀

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń tètè dárí jini. Kí n ti sọ ìyẹn fún yín kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo fẹ́ ṣe bí ẹni mímọ́. Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Odidi ọdún kan ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ Bàbá Ìsàlẹ̀ Akínrẹ̀mí sínú. Mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mò ń gbé e wálé, tí mo bá fẹ́ sùn màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ọkọ mi ni wọ́n fi ìyà jẹ. Síkírù lorúkọ rẹ̀. Kíláàsì kan náà la jọ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi orúkọ pè é. Ìyá rẹ̀ bá mi jà lórí rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Bàbá rẹ̀ ló ń gbẹ́ kànga fún gbogbo àdúgbò wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Síkírù nígbà tó ti ń wọ inú kànga lọ bá bàbá rẹ̀, tó ń bu ẹrẹ̀ sínú garawa. Bàbá náà máa ń sọ fún un pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sùn, pé ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn yóò kú sínú kànga. Síkírù kò gbàgbé.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti wà ní Toronto. Ó kọ́kọ́ ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú, kó tó di pé bàbá Potogí kan tó ń tọ́jú púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ mú un mọ́ra. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí orúnkún bàbá náà kọ̀, ó fa àwọn oníbàárà rẹ̀ lé Síkírù lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé àwọn àgbà kan ní Rexdale, níbi tí àwa náà ń gbé, lórí àjà kọkànlá. Bálíkónì tí a ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta lókè yẹn, kò gba àga méjì, síbẹ̀ púùlù lọkọ mi fi ń jẹun.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lè má mọ̀ pé oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n ń lo púùlù ẹ̀yìnkùlé níbí. Tí ewé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n á múra rẹ̀ sílẹ̀ de wíńtà. Síkírù á fọ ara rẹ̀ yíká, á da oògùn sí i kí omi má bàa yí dà sí àwọ̀ ewé, á fa omi náà wálẹ̀ díẹ̀, títí yóò fi kúrò lẹ́nu ihò tí omi ń gbà wọ páìpù. Lẹ́yìn náà ni yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù, nítorí omi tó bá kù síbẹ̀ yóò dì, yóò sì fọ́ ọ. Mo máa ń tẹ̀lé e nígbà tí mi ò bá ní ṣíìfù níbi iṣẹ́. Yóò kúnlẹ̀, yóò gbé etí lé páìpù bí ìgbà tí dókítà ń gbọ́ àyà ọmọ, tó bá ti gbọ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló kù, yóò fi rọ́bà dí i. Ìbòrí ló máa ń kẹ́yìn. Ó ń fi okùn so ó mọ́ àwọn irin tó wà nílẹ̀, ó sì ní kókó kan tó máa ń ta, kókó tí bàbá rẹ̀ fi ń so garawa kànga. Ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n ta. Omi púùlù fúnra rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, abẹ́ ìbòrí ni yóò wà títí wíńtà yóò fi lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bàbá Ìsàlẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Toronto. Ilé wọn tóbi, ní Woodbridge, ó fẹ̀yìn ti àfonífojì tí odò gbà kọjá, púùlù wọn sì gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa lọ. Síkírù ló tì í de wíńtà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Rárá, mo ṣì í, ìbínú ló ń dà mí láàmú. Wíńtà tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí ni. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó padà lọ ṣí i. Bó ṣe ká ìbòrí náà kúrò, omi ti dà bí omi tí wọ́n fi fọ gbúre. Bàbá Ìsàlẹ̀ kò bi í léèrè ohunkóhun. Fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, wọ́n ya fọ́tò omi náà pẹ̀lú Síkírù tó dúró tì í, wọ́n jù ú sínú WhatsApp ẹgbẹ́: "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Síkírù o. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú oníṣẹ́."

Ẹgbẹ̀rin èèyàn ló wà nínú WhatsApp yẹn.

Nígbà ìpàdé, nínú gbọ̀ngàn kan ní Rexdale níbí, wọ́n ní kí ọmọdé bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè parí. Ọmọdé! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun ò bá bẹ̀bẹ̀, wọ́n á tún ní ìgbéraga ló ń ṣe òun. Ó dọ̀bálẹ̀. Adésànyà, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tó ń gbé Scarborough tí òun náà ní púùlù, na ọrùn wò ó, ó ní, "Àyà ẹ ò tíì kan ilẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Síkírù fi àyà kan ilẹ̀. Bàbá Ìsàlẹ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kò mọṣẹ́, pé ó ń fi ìlú òyìnbó gbéra ga ju ohun tó mọ̀ lọ, pé ó ba ohun ìní àgbà jẹ́, kí wọ́n tó ní kó dìde.

Ṣìmí, ọmọ wa, ọmọ ọdún méjìlá, jókòó tì mí, ó ń wò ó. Nínú ọkọ̀, ó bi bàbá rẹ̀ pé, "Daddy, did you actually mess it up?" Ìyẹn ló ká mi lára jù. Nínú oníbàárà mẹ́rìnlá tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, mọ́kànlá ló fi í sílẹ̀ kí oṣù yẹn tó parí.

Ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn ló tó sọ òótọ́ fún mi, nígbà tí mò ń ṣa ẹ̀wà.

"Kókó tó wà lórí ìbòrí yẹn, Rónkẹ́, kì í ṣe tèmi. Ẹnì kan ti tú u kí n tó débẹ̀. Wọ́n ṣí i nígbà tí oòrùn ti ń mú, ewé kó sí i, wọ́n wá padà bò ó."

Mo ju ẹ̀wà sílẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ níwájú wọn?"

"Ta ló máa gbà mí gbọ́? Kókó okùn lásán."

Mo búra lọ́jọ́ náà. Mi ò ní sọ irú ìbúra tó jẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ Akínrẹ̀mí wà nínú rẹ̀, ti Adésànyà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Olúwa kì í sùn. Ní oṣù kẹsàn-án, Bàbá Ìsàlẹ̀ pe Síkírù. Ó tẹ fóònù kí ohùn lè jáde, nítorí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni èmi náà ṣe gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Síkírù, ṣé dáadáa lo wà? Ọ̀rọ̀ tó kọjá ti kọjá o, mo ti dárí jì ẹ́. Mo fẹ́ kí o wá ti púùlù mi."

Ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti dárí jì í. Àṣé àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún lẹ́yìn Síkírù ti kọ̀ láti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Bàbá Ìsàlẹ̀ ti ronú, wọ́n ní omi tó ń sùn sínú púùlù fún oṣù méje ló ń bàjẹ́. Nílé wọn ní Ìjẹ̀bú, tí ọyẹ́ bá ti dé, ńṣe ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n fa omi púùlù gbẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó wà ní gbígbẹ títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí Síkírù ṣe níbí náà nìyẹn. Kó má ku ẹ̀kán kan.

Síkírù nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti ilé, sìmẹ́ńtì ni. Tiyín níbí, ike líle ni, abọ́ ńlá kan ni wọ́n gbé sínú kòtò. Omi inú rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fà á gbẹ, omi abẹ́ ilẹ̀ á gbé e sókè, bí abọ́ òfìfo ṣe ń léfòó nínú odò. Ẹ̀yin náà tún wà lẹ́bàá àfonífojì."

"Ṣé èmi lò ń kọ́ ní ọgbọ́n?" Ohùn wọn ti le. "Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, tí ọmọdé bá gun igi kò lè rí i. Mo ti ní púùlù kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mi ò fẹ́ gbọ́ ẹnu rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ sà."

Kò tán síbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun náà ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, Bàbá Ìsàlẹ̀ gbé e sínú WhatsApp ẹgbẹ́ pé àwọn ti rí ọ̀nà tí púùlù kò fi ní bàjẹ́ mọ́: kí gbogbo ẹni tó bá ní púùlù fa omi rẹ̀ gbẹ pátápátá bí a ṣe ń ṣe nílé, àwọn sì ti pàṣẹ fún Síkírù. Síkírù kọ sí i lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin àgbà mi, púùlù oníke tí kò bá ní omi nínú máa ń yọ kúrò nínú ilẹ̀. Ẹ má fà á gbẹ." Bàbá Ìsàlẹ̀ dá a lóhùn pé tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí ọmọdé fi ọwọ́ bo ẹnu. Adésànyà tì í lẹ́yìn: "Ẹ ṣeun Bàbá wa. Èmi náà máa fa tèmi gbẹ."

Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ya gbogbo rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù mi. Mo tọ Síkírù lọ.

"O ti rí i báyìí. Ṣe ohun tí wọ́n ní kí o ṣe."

"Rónkẹ́, púùlù yẹn máa bàjẹ́."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Ṣebí ọmọdé ni ẹ́? Gbọ́ràn. Sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni sà', kí o fà á gbẹ bí àwo tí ajá lá. O ti kìlọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó wà lákọsílẹ̀. Jẹ́ kí ìgbọràn pa wọ́n."

Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá ló lọ ṣe é. Bàbá Ìsàlẹ̀ àti ìyàwó wọn ti lọ sílé fún ìsìnkú àna wọn, oṣù kìíní ni wọ́n sì máa tó padà. Wọ́n fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí géètì ẹ̀yìnkùlé ránṣẹ́ sí Síkírù. Èmi ní ṣíìfù, ó dùn mí pé mi ò lè lọ fojú ara mi rí i. Nígbà tó wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún.

"Ṣé o ti ṣe é?" mo bi í.

"Mo ti ṣe é bó ṣe yẹ."

Mo bu ọbẹ̀ fún un, mo fi ẹran méjì sí i. Ẹran kan ni mo máa ń fi sí i tẹ́lẹ̀.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe gbádùn wíńtà yẹn. Àwọn ẹlòmíràn ń sunkún òtútù, èmi ń wo sánmà. Tí òjò bá pọ̀, màá ní ó ti ń lọ síbẹ̀. Tí yìnyín bá yọ́, màá ní omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń ga. Mo gbàdúrà òjò níwájú ìyá arúgbó kan tí mò ń wẹ̀ fún, ó ní "Amen, dear," kò mọ ohun tó ṣe àmín sí. Ní oṣù kẹta, mo gba Woodbridge wálé láti ibi iṣẹ́, ọ̀nà tí kò kàn mí rárá, mo lọ yọjú láti ẹ̀yìn ọgbà. Ìbòrí náà nà gbọnrangandan lórí púùlù. Kò sí ohun tó gbé e sókè. Mo bínú. Mo béèrè lọ́wọ́ Síkírù bóyá púùlù olówó kì í gbọ́ ti omi abẹ́ ilẹ̀ ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun jẹun ná.

Òjò ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ ní oṣù kẹrin, ó bá yìnyín tó ń yọ́ nílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, fọ́tò kan já sínú WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ̀yìnkùlé Adésànyà ní Scarborough ni. Púùlù rẹ̀ ti yọ jáde nínú ilẹ̀, apá kan rẹ̀ ga dé ìbàdí èèyàn, ó dà bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ sì ti là káàkiri. Ohun tí Adésànyà kọ síbẹ̀ kò ju "Ẹ gbà mí o" lọ. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Àyà tirẹ̀ náà ti kan ilẹ̀.

Síkírù ni Adésànyà pè pé kó wá wò ó. Ó lọ. Ó wò ó yíká, ó sọ fún un pé kò sí àtúnṣe, wọ́n á hú u jáde ni. Nígbà tó dé, mo béèrè bí ojú Adésànyà ṣe rí.

"Ojú èèyàn ni. Mo kọ ìkìlọ̀ yẹn sínú WhatsApp kí gbogbo wọn lè kà á, Rónkẹ́. Ó kà á."

"Ó ku ti Bàbá Ìsàlẹ̀," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́.

Bàbá Ìsàlẹ̀ pè é lọ́jọ́ kejì. Ohùn wọn ti wálẹ̀. Kí wọ́n tó rí fọ́tò yẹn, wọ́n ti pe àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá wo ọ̀nà tuntun náà ní Sátidé kẹta oṣù karùn-ún, wọ́n á sun ẹran, Síkírù á sì ṣí púùlù lójú gbogbo wọn. Wọn ò lè yẹ̀ ẹ́ mọ́, nítorí Adésànyà ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun máa wá fojú òun rí bí ti Bàbá ṣe rí. Mo gba ìsinmi lọ́jọ́ náà. Mo wọ aṣọ tó dáa. Ṣé ẹni máa lọ síbi ẹ̀san tirẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ni?

Àwa mẹ́wàá ló wà ní ẹ̀yìnkùlé náà. Ìyàwó Bàbá Ìsàlẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Oyinkán, ń yí ẹran lórí iná. Bàbá Ìsàlẹ̀ ń rìn yíká ìbòrí náà, wọn ò fẹsẹ̀ kàn án. Adésànyà dúró lọ́tọ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Síkírù kúnlẹ̀, ó ń tú kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé kókó kànga ni gbogbo wọn, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Mo mú fóònù mi jáde, nítorí mo fẹ́ ya ojú Bàbá Ìsàlẹ̀ nígbà tí ike fífọ́ bá yọ.

Ó ká ìbòrí náà kúrò.

Omi ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó mọ́ débi pé a rí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere, ewé kan ṣoṣo ló sì wà lójú rẹ̀. Púùlù náà jókòó sáyè rẹ̀ láìmì.

Kí n sọ òótọ́ fún yín, ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Oṣù méje ni mo fi gbàdúrà òjò. Ó ń jẹ ẹran méjì, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ẹ̀ jù ú sínú omi náà.

Adésànyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ ní kí a fà á gbẹ."

Bàbá Ìsàlẹ̀ yíjú sí Síkírù. "Ta ló ní kí omi wà níbí?"

Síkírù gbé okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Lórí sìmẹ́ńtì tó tutù létí púùlù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Èmi ni sà. Ẹ ní kí n fà á gbẹ, mi ò fà á gbẹ. Mo fọ̀ ọ́, mo da oògùn sí i, mo ti páìpù rẹ̀, mo fi omi yín sílẹ̀ fún yín. Ẹ pàṣẹ, mo ṣàìgbọràn. Ẹ foríjì mí."

Ìgbà yẹn ni ohun tó ń ṣe yé mi. Mo yíjú sí akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Ẹ bá wa wò ó dáadáa, akọ̀wé," mo ní. "Ṣé àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀?"

Adésànyà ń wo bàtà rẹ̀.

"Dìde," Bàbá Ìsàlẹ̀ ní.

Síkírù kò dìde. "Ẹ ò tíì dárí jì mí sà. Lọ́dún tó kọjá, ẹ ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún gbogbo ẹgbẹ́ kí ẹ tó ní kí n dìde. Ẹ ka ti ọdún yìí náà. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."

Ọmọ Yorùbá kì í kúrò níwájú ẹni tó dọ̀bálẹ̀ bẹ àgbà, àgbà náà kò sì lè ṣí ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ inú ilé láti ibi tí Bàbá Ìsàlẹ̀ dúró sí, Síkírù ló sì dùbúlẹ̀ dí i. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ kà? Pé ó gba púùlù wọn là? Pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀?

Màmá Oyinkán ti fi ẹran sílẹ̀. Wọ́n wo Síkírù lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n wo omi náà, wọ́n wá wo ọkọ wọn.

"Bàbá Oyinkán," wọ́n ní, wọn ò pariwo, "tí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́. Mi ò sùn dáadáa láti ọdún tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí."

Bàbá Ìsàlẹ̀ nu ojú. "Èmi ni mo ṣí i lọ́dún yẹn," wọ́n ní. "Nígbà Àjíǹde. Àlejò ti ilé wá, mo fẹ́ kí wọ́n rí púùlù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà ní ṣíṣí. Èmi ni mo bò ó padà."

"Ẹ ṣeun sà," Síkírù wí láti ilẹ̀. Àyà rẹ̀ ṣì kan sìmẹ́ńtì. "Ṣùgbọ́n àwa mẹ́wàá la gbọ́ èyí. Ẹgbẹ̀rin lẹ sọ ti ìjọsí fún."

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n wo Síkírù, wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n wo omi tó mọ́ yẹn. Wọ́n yọ fóònù kúrò nínú àpò agbádá, wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu, wọ́n sì fi ohùn ara wọn sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àlejò, ìbòrí, ọjọ́ mẹ́sàn-án, irọ́ tí wọ́n pa mọ́ Síkírù, omi tí wọ́n ní kó gbọ́n dànù tí kò gbọ́n dànù. Wọ́n ní Síkírù ọmọ a-gbẹ́-kànga mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó lọ sínú WhatsApp ẹgbẹ́.

Fóònù gbogbo wa dún lẹ́ẹ̀kan náà, ti Adésànyà, ti Màmá Oyinkán, tèmi tó wà lọ́wọ́ mi, títí kan ti Síkírù nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ọkọ mi gbọ́ ọ kó tó dìde.